Nítorí álẹ́ẹ̀tì tí kò tètè wọlé: Ẹ wo bí fóònù Android àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń fojú àwọn oníṣòwò Ìkirè àti Àpòmù rí màbo

Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀ láti Ìbàdàn, tó ti kọjá Aṣéjírè, tó sì kù díẹ̀ kó dé Ìkirè, àwọn èrò inú ẹ̀ á ti máa tọwọ́ bàpò. Kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ tí kò mọ̀ pé dòdò ló kàn. Dòdò Ìkirè lorúkọ ẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rọ̀, tí wọ́n pò mọ́ ata àtiyọ̀, tí wọ́n wá fepo pupa dín títí tó fi dú bíi kóró iṣin. Kí dírẹ́bà tó tẹ bíréèkì tán, àwọn tó ń tà á ti sáré dé ẹnu fèrèsé.

Láyé ọjọ́un, owó á bọ́ sọ́wọ́, dòdò á bọ́ sínú ọkọ̀, ó parí náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ báyìí o. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á ní, "Ìyá, kò sówó lọ́wọ́ mi o, ẹ fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì yín, kí n ṣe tiránsífà." Nọ́ńbà mẹ́wàá nìyá náà máa pè, ọkọ̀ sì ti ń mì lábẹ́ èèyàn. Oníbàárà á tẹ fóònù ẹ̀, á na ojú ẹ̀ síta: "Ẹ wò ó mà, ó ti lọ." Ìyá á wo fóònù tiẹ̀, kò ní í rí nǹkan kan. Dírẹ́bà á fọn fèrè, kọ̀ńdọ́ á ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ jàre," ni táyà bá yí. Ìyá á sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà títí ẹsẹ̀ á fi kọ̀, tí kò sì ní í mọ̀ bóyá owó òun ń bọ̀ lọ́nà ni, àbí wọ́n ti lu òun ní jìbìtì.

Kì í ṣe pé owó dòdò ẹnì kan pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èrè orí ẹ̀ kéré débi pé bí èèyàn mẹ́ta bá lọ bẹ́ẹ̀ lóòjọ́, inú owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti owó epo tọjọ́ kejì ló ti máa yọ ọ́. Ẹni tó bá ń gba inú owó ọjà jẹun, kò ní í pẹ́ tí kò fi ní í lọ́jà tó máa tà mọ́.

Ìtàn sì ti kọ́ àwọn ará agbègbè náà pé ọ̀rọ̀ kékeré kì í ṣe kékeré lọ́jà. Àpòmù, tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, tí kò sì jìnnà sí Ìkirè rárá, ni ọjà ńlá táwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti máa ń pàdé láyé àtijọ́. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ataare, níbi tí ẹni tó tà á àtẹni tó rà á ò ti fẹnu kò lórí iye tó pé, ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin ará Òwu àtará Ìjẹ̀bú lọ́jà Àpòmù. Ìjà ọ̀hún wà lára ohun tó fẹjú di ogun tó pa ìlú Òwu run ní nǹkan bíi igba ọdún sẹ́yìn. Lónìí, kì í ṣe ataare ló ń dájà sílẹ̀ mọ́. "Mo ti sanwó" àti "n ò tíì rí i" ni.

Fóònù ò tíì pẹ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù tó bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GSM ní Nàìjíríà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n ń ta síìmù nígbà náà, N50 sì ni wọ́n ń gbà fún ìpè ìṣẹ́jú kan, kódà bó ṣe ẹ̀ẹ́kàn péré lèèyàn ní "ẹ ǹ lẹ́". Nígbà tí Glo dé lọ́dún 2003, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, ni ara tó tu àwọn èèyàn díẹ̀. Látìgbà náà, Econet ti jẹ́ Vmobile, ó ti jẹ́ Celtel, ó ti jẹ́ Zain, kó tó wá di Airtel lọ́dún 2010. Etisalat tó dé lọ́dún 2008 di 9mobile lọ́dún 2017, ó tún di T2 lọ́dún 2025. Orúkọ ń yí padà, àmì ara káàdì ń yí padà, àmọ́ ẹkún tí oníbàárà ń sun kò yí padà.

Fóònù Android ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Google ló ra iléeṣẹ́ Android lọ́dún 2005, fóònù tó kọ́kọ́ lò ó sì jáde lọ́dún 2008. Owó irú fóònù bẹ́ẹ̀ ga ju ohun tí aláròóbọ̀ lè rà lọ, àfìgbà tí Transsion, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà tó ń ṣe Tecno, Infinix àti itel, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tówó ẹ̀ wálẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n mọ̀ pé èèyàn kì í ní síìmù kan ṣoṣo níbí, ni wọ́n bá fi ojú ihò síìmù méjì sí i. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá kú, kí èkejì jí. Bí fóònù olójú gbọọrọ ṣe dọ́wọ́ ìyá alátà, dọ́wọ́ ọlọ́kadà, dọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé UNIOSUN tó wà ní Ìkirè nìyẹn.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ò gbà kí wọ́n fi tiránsífà sanwó fáwọn. Owó tútù ni wọ́n mọ̀. Ọ̀rọ̀ owó náírà tuntun ló fipá yí ìyẹn padà. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni báǹkì àpapọ̀, CBN, kéde pé òun fẹ́ẹ́ pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà. Wọ́n ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, ọdún 2023, làwọn ò ní í ná ti àtijọ́ mọ́, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì. Owó àtijọ́ wọlé sí báǹkì, tuntun ò jáde. Àwọn èèyàn tò sẹ́nu ATM títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún yẹn nilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ lọ, àmọ́ ohun tó bà jẹ́ ti bà jẹ́. Ẹni tó ń ta nǹkan tútù tó lè bà jẹ́ ò lè dúró de owó tútù. Gba tiránsífà tàbí kó o gbé dòdò ẹ lọ sílé, èyí tó kù nìyẹn. Látìgbà náà ni fóònù kì í ti í ṣe ohun tí wọ́n fi ń pe ọmọ l'Ékòó nìkan mọ́. Òun gan-an ló ti di kọ̀lọ̀.

Bí èèyàn bá sì rò ó dáadáa, ọ̀nà tí owó dòdò náà ń gbà jìn ju ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìkirè lọ. Fóònù oníbàárà á kọ́kọ́ bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí sọ̀rọ̀. Òpó á gbé e dé báǹkì ẹni náà. Báǹkì á gbé e fún NIBSS, iléeṣẹ́ táwọn báǹkì Nàìjíríà jọ ń lò láti fi gbówó láàrin ara wọn. Ibẹ̀ lowó ti máa dé báǹkì ìyá oníDòdò, kí báǹkì yẹn tó wá fi álẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ gba òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìyá. Ibikíbi tó bá ti há lójú ọ̀nà yìí, wàhálà dé. Owó lè ti dé báǹkì kí álẹ́ẹ̀tì má dé. Wọ́n sì lè ti yọ owó lápò oníbàárà kó má tíì dé ibi tó ń lọ. Òótọ́ loníbàárà ń sọ, òótọ́ nìyá náà ń sọ, síbẹ̀ wọ́n á ṣépè fúnra wọn.

Ohun tó sì ń jẹ́ kó há pọ̀. Bí iná mànàmáná ò bá sí, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró, bí dísù bá tán, òpó á sùn. Bí àwọn tó ń la títì bá fi katakata gé wáyà tí wọ́n rì sábẹ́ ilẹ̀, odindi agbègbè á dákẹ́. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún 2024, wáyà tó gé láwọn ibì kan ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oníbàárà MTN wà láìrí ẹnikẹ́ni pè fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò ju ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, fi bà jẹ́ nítòsí etíkun Ivory Coast. Ìdààmú bá báǹkì àti íntánẹ́ẹ̀tì láti Gánà dé Nàìjíríà. Ta ló máa sọ fún ìyá tó wà lẹ́bàá títì n'Íkirè pé nǹkan tó já lábẹ́ òkun níwájú Abidjan ni kò jẹ́ kówó òun wọlé? Ohun tóun mọ̀ ni pé oníbàárà ti lọ. Oṣù kẹfà ọdún 2024 yẹn náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó sọ irinṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì di ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Owó tí wọ́n ń yọ tún wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní dátà, tó ń fi àmì ìràwọ̀ àti nọ́ńbà wo àkáǹtì, N6.98 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan láti oṣù kẹta ọdún 2021. Inú àkáǹtì ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú owó ìpè. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà mẹ́wàá lóòjọ́ ti fi nǹkan bíi àádọ́rin náírà wo owó tí kò tíì rí. Oṣù kìíní ọdún 2025 kan náà ni àjọ NCC, tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbà kí wọ́n fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pariwo títí, owó ò padà síbi tó wà.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, fóònù náà ńkọ́? Ẹni tó bá jókòó díẹ̀ nísọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe á rẹ́rìn-ín, á sì káàánú. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ní àyè kékeré, Android fúnra ẹ̀ ti gba lára àyè náà kí wọ́n tó gbé e jáde nínú páálí. Fọ́tò "ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀" àti "ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun" tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló máa gba ìyókù. Ìgbà tó bá yá, fóònù á ní kò sáyè mọ́, ápù báǹkì ò ní í ṣí. Èyí tí Android ẹ̀ ti gbó, tó rẹlẹ̀ ju 5.0 lọ, WhatsApp gan-an ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ká ní ìyá kan gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ wá, tó ní ó ti ń lọ́ra jù. Ọmọ tó ń tún un ṣe á ní kóun pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́, kó padà dà bíi tuntun. Ìyá á gbà. Bó bá tan án padà, fóònù á ní káwọn fi Gmail tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ wọlé.

"Mà, kí ni Gmail yín?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Orúkọ tí wọ́n fi ṣí fóònù yìí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á ni mà."

"Há! Ọmọ tó tà á fún mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó ti lọ s'Ékòó."

Bó ṣe di pé olówó fóònù dúró síta, tí fóònù ẹ̀ ń bi í pé ta nìyẹn nìyí. Láti Android 5.1 tó jáde lọ́dún 2015 ni Google ti fi ìdè náà sí i, nítorí àwọn olè tó ń jí fóònù, tí wọ́n á nù ún mọ́, tí wọ́n á sì tún un tà. Ó dáa fẹ́ni tó mọ̀, àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ lohun tí wọ́n ṣe fún olè ń mú.

Tàwọn tó ń ra tokunbọ̀ tún yàtọ̀. Ọmọ ìyá wọn tó wà l'Ámẹ́ríkà á fi fóònù ńlá ránṣẹ́, gbogbo ilé á yọ̀. Bí wọ́n bá ti ki síìmù Nàìjíríà bọ̀ ọ́, á ní òun ò mọ ọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún máa ń tà á láwìn, wọ́n á sì tì í pa mọ́ síìmù tiwọn títí dìgbà tí ẹni tó rà á bá san gbèsè ẹ̀ tán. Owó tí wọ́n máa san kí wọ́n tó lè já a n'Íbàdàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó itel tuntun.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ti gbìyànjú láti já ọgbọ́n fáwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí o. Ní nǹkan bíi ọdún 2014, dátà BlackBerry pọ̀ ju ti Android lọ, owó ẹ̀ sì wálẹ̀. Làwọn ọmọ ilé-ìwé gíga káàkiri Nàìjíríà bá ń pààrọ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nínú fóònù Android wọn, IMEI, tó jẹ́ òǹkà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè rò pé BlackBerry ni. Ọ̀pọ̀ yọ̀ fóṣù mélòó kan. Àwọn iléeṣẹ́ dí ihò náà, fóònù àwọn kan ò sì gba síìmù kankan mọ́, torí nọ́ńbà gidi tí wọ́n pa rẹ́ ò ṣeé rí mọ́. BlackBerry tí wọ́n ń ṣe bíi tiẹ̀ gan-an ti kógbá wọlé: ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní, ọdún 2022 ni wọ́n pa àwọn èyí àtijọ́ ẹ̀.

Èyí tó yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù jù ni ti síìmù fúnra ẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2011 ni wọ́n ní kí gbogbo olówó síìmù wá forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tẹ̀ka. Lọ́dún 2015, NCC bu owó ìtanràn tó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà lé MTN nítorí síìmù mílíọ̀nù márùn-ún ó lé díẹ̀ tí àkọsílẹ̀ wọn ò pé, kí wọ́n tó dín in kù sí N330 bílíọ̀nù lọ́dún 2016. Oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n tún ní kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ NIN. Oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí ìpè fáwọn tí kò tíì so ó. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024 ni wọ́n fi ṣe òpin. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ lórí NIN jẹ́ Sifawu, tó sì jẹ́ Silifatu lórí síìmù, ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, títí ara á fi sú u.

Ewu ibẹ̀ rèé. Síìmù tí wọn ò bá fi pè, tí wọn ò fi ra dátà, tí wọn ò fi ṣe nǹkan kan tó ń mówó wọlé fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà míì bá tún kọjá, wọ́n lè tà á fẹ́lòmíì. Bí nọ́ńbà náà bá ṣì wà ní báǹkì, ọwọ́ ẹni tuntun ni álẹ́ẹ̀tì àti kóòdù tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ á máa bọ́ sí. Èyí tó tún sún mọ́ ilé ni tẹni tó gbé fóònù sílẹ̀ fẹ́ni tó ń tún un ṣe, tí síìmù wà nínú ẹ̀, tí wọ́n sì ti kọ PIN báǹkì mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kí wọ́n má baà gbàgbé. Gbogbo owó ọjà ni wọ́n gbé sílẹ̀ lórí tábìlì yẹn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà lóòótọ́ kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí bí owó bá sọnù lọ́jọ́ kẹta, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa dárúkọ.

Ọ̀nà àbáyọ ò le. Kí wọ́n yọ síìmù kúrò kí wọ́n tó fi fóònù sílẹ̀. Kí wọ́n fi PIN ti síìmù, kó jẹ́ pé bí wọ́n bá kì í bọ fóònù míì, kò ní í ṣiṣẹ́. Àmọ́ kí wọ́n ṣọ́ra o, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mẹta, á tì pa, PUK lá á béèrè. Kí wọ́n kọ Gmail àti ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n fi sí àpótí nílé. Kí wọ́n tẹ *#06#, kí wọ́n kọ IMEI tó bá jáde sílẹ̀. Ọdún 2023 ni NCC sọ nọ́ńbà gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì di ọ̀kan: 300 ni wọ́n fi ń pe àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn, *310# fún owó ìpè, *323# fún dátà tó kù. Ẹni tí ìpolówó bá sú, kó kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ bá kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́, kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, kó wá pe 622, NCC ló ni ín, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dójú ẹ̀ tán, láti ọdún 2013 lèèyàn ti lè gbé nọ́ńbà ẹ̀ lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì láìpààrọ̀ ẹ̀, kó kàn kọ PORT ránṣẹ́ sí 3232.

Ní tàwọn tó ń ta dòdò lẹ́bàá títì, ohun méjì ló lè gbà wọ́n. Àkọ́kọ́ ni pé álẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ̀rọ̀ tó jọ ti báǹkì ránṣẹ́, nítorí náà, iye tó wà nínú àkáǹtì ni kí wọ́n wò, kì í ṣe ohun tí fóònù kọ. Èkejì ni pé kí oníbàárà má dúró dìgbà tí táyà bá fẹ́ẹ́ yí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa ra dòdò n'Íkirè, tí kò sì sówó lọ́wọ́ òun, kó bọ́ sílẹ̀ bí dírẹ́bà bá dúró, kó sanwó, kó dúró títí yóò fi wọlé. Bí kò bá wọlé, kó fi dòdò sílẹ̀ láìjà, kó sì bi báǹkì ẹ̀ léèrè owó ẹ̀.

Nítorí ẹni tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ yẹn, ìyá ẹnì kan ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tọ̀la ló ń lé. Ọjà Àpòmù ti rí ohun tí àìgbọ́ra-ẹni-yé lórí ataare dá sílẹ̀, kò yẹ kí ti álẹ́ẹ̀tì tún dá ẹyọ ìjà kan sílẹ̀ láàrin ẹni tó tà àtẹni tó rà.